Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Yíyan Mọ́nítọ̀ Tuntun fún Géèmù

Òwe ni yóò ṣíwájú ọ̀rọ̀ òní. Àwọn àgbà ní, "Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́." Bí òwe náà ti bá ẹni tí ń kọ́lé wí, bẹ́ẹ̀ ni ó bá ẹni tí ó fẹ́ ra ojú kọ̀ǹpútà wí, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní mọ́nítọ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé géèmù ni ó fẹ́ fi máa ṣe.

Kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí lo ìsinmi gígùn láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìn, ó sì tu owó jọ. Bàbá rẹ̀ fi díẹ̀ kún un. Ó gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ, ọlọ́jà sì fi mọ́nítọ̀ ńlá kan hàn án tí àwòrán inú rẹ̀ ń dán gbinrin. Kò bèèrè ohun púpọ̀. Ó san gbogbo owó náà. Nígbà tí ó dé ilé tí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, géèmù bọ́ọ̀lù tí ó ti ń sáré dáadáa tẹ́lẹ̀ wá ń fà bí ìgbín. Mọ́nítọ̀ kò bàjẹ́. Ọlọ́jà kò purọ́. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀?

Iṣẹ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó ń ya àwòrán. Ohun èlò inú rẹ̀ tí a ń pè ní graphics card ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ti mọ́nítọ̀ ni láti gba àwòrán kí ó sì fi í hàn. Kò lè fi ohun tí a kò yà fún un hàn. Bí ọwọ́ ayàwòrán bá lọ́ra, férémù wúrà kò lè mú un yá.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní wíwọ̀n ni iye ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán. Pixel ni orúkọ wọn. Mọ́nítọ̀ tí ó ní 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró ní pixel 2,073,600. Èyí tí ó ní 2560 ní ìbú àti 1440 ní òró ní 3,686,400. Èyí tí a ń pè ní 4K, tí ó ní 3840 ní ìbú àti 2160 ní òró, ní 8,294,400. Ẹni tí ó bá ṣe ìṣirò yóò rí i pé ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́ ni ti ìkẹta gẹ́lẹ́. Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ṣubú. Kọ̀ǹpútà tí ó ti ń ya bí mílíọ̀nù méjì pixel fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ni ó dédé di ẹrù mílíọ̀nù mẹ́jọ lé lórí.

Ohun kejì ni iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ lè pààrọ̀ àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Hz ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Lórí mọ́nítọ̀ 60 Hz, àwòrán kọ̀ọ̀kan ń dúró fún mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ǹdì ni ó wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí 144 Hz, ó di 6.9, lórí 240 Hz, ó di 4.2. Láti 60 dé 144, èrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá. Láti 144 dé 240, kò pé mẹ́ta. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ojú máa ń mọ̀ jù lára. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tí a kọ sára páálí kó sí i lórí.

Báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ agbára kọ̀ǹpútà rẹ̀? Kò ní láti jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ géèmù ni ó lè fi iye àwòrán tí kọ̀ǹpútà ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan hàn ní igun ojú rẹ̀. Kí ó ṣe géèmù tí ó fẹ́ràn jù fún wákàtí kan, kí ó máa wo nọ́ńbà náà, kí ó sì kọ èyí tí ó kéré jù àti èyí tí ó wọ́pọ̀ jù sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 70 ni ó wọ́pọ̀, owó 240 Hz yóò ṣòfò. Bí ó bá sì jẹ́ 150 ni ó ń yà, tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ kò ju 60 Hz lọ, kọ̀ǹpútà náà ni a ń fi ìyà jẹ: ohun tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò dé ojú ẹni tí ó ni ín.

Nígbà mìíràn, kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ kì í rìn pọ̀, àwòrán a sì máa ya sí méjì ní àárín. Bí onílù àti oníjó tí ẹsẹ̀ wọn kò bá ara mu ni. Oògùn rẹ̀ ni pé kí mọ́nítọ̀ máa dúró de kọ̀ǹpútà, bí oníjó ti ń dúró de ìlù. NVIDIA kéde G-Sync ní ọdún 2013. VESA gbé Adaptive-Sync jáde ní ọdún 2014. Mọ́nítọ̀ tí ń lo FreeSync ti AMD sì dé ọjà ní ọdún 2015. Láti ọdún 2019, àwọn káàdì NVIDIA náà ti ń bá ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ Adaptive-Sync ṣiṣẹ́. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ ni ohun yìí ṣe ní àǹfààní jù, nítorí pé òun ni iye àwòrán rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò.

Ní ti títóbi, ínṣì 24 bá 1920 pẹ̀lú 1080 mu, ínṣì 27 sì bá 2560 pẹ̀lú 1440 mu. Bí a bá fẹ 1080 dé ínṣì 27, ẹni tí ó jókòó nídìí tábìlì yóò máa rí i pé àwòrán kò mú bí ó ti yẹ. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń fi Counter-Strike díje pàápàá, ínṣì 24 sí 25 ni wọ́n ń lò. Gbogbo ohun tó bá tóbi kọ́ ni ó dára jù.

Irú ojú náà tún wà. TN yára, owó rẹ̀ sì máa ń mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ a máa yí padà bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́. VA ń fi òkùnkùn hàn ní dúdú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fa òjìji bí nǹkan bá ń sáré nínú òkùnkùn. IPS ni àwọ̀ rẹ̀ dúró déédéé. Ó yẹ olùkọ́ tí yóò tún fi kọ ìwé, tí yóò sì fi ya àwòrán ẹ̀kọ́. OLED rẹwà ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n àwòrán tí kò bá kúrò lójú kan fún ìgbà pípẹ́ lè fi àpá sílẹ̀ lára rẹ̀.

Kí a má gbàgbé wáyà. Kọ̀ǹpútà tí HDMI rẹ̀ jẹ́ 1.4 kò lè gbé 4K kọjá 30 Hz, HDMI 2.0 ń gbé e dé 60, HDMI 2.1 ń gbé e dé 120. Lẹ́yìn tí a bá so wáyà tán, kí a wọ inú ètò Windows lọ yan iye Hz tí mọ́nítọ̀ ní. Àwọn kan ti ra 144 Hz, wọ́n sì ń lò ó ní 60 láìmọ̀.

Ẹni tí yóò ra tòkúnbọ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú nìkan rà á. Kí ó ní kí wọ́n tàn án, kí wọ́n fi funfun, pupa àti dúdú kún gbogbo ojú rẹ̀, kí ó lè rí pixel tí ó ti kú. Kí ó ka ohun tí a kọ sára ẹ̀rọ tí ń gba iná: bí ó bá jẹ́ 100–240V, iná Nàìjíríà bá a mu; bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, yóò jó.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ńkọ́? Ó lè dá géèmù rẹ̀ padà sí 1920 pẹ̀lú 1080 lórí mọ́nítọ̀ 4K náà, yóò sì tún máa sáré. Ṣùgbọ́n pixel mẹ́rin yóò máa ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan. Owó mẹ́ta tí ó kù ti lọ. Ká ní ó kọ nọ́ńbà kọ̀ǹpútà rẹ̀ sínú ìwé kí ó tó jáde nílé ni, ínṣì 24 tí ó ní Adaptive-Sync ì bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìyókù owó ì bá sì ra ìwé tàbí kí ó padà sọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú géèmù lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí ó burú ni kí òógùn ojú ẹni di ohun tí kọ̀ǹpútà ẹni kò lè lò. Eku ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n, kí a tó gbẹ́ ìtẹ́.