A Pàṣẹ, Ṣé Ó Gbọ́? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba lórí Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Darí Ẹ̀rọ Ìpèsè Iná

 

Mo mọ̀ pé bí a bá pe àpéjọ lórí ọ̀rọ̀ iná ládùúgbò wa, Onípanu, Ṣómólú àti Bàrígà, ohun tí ọ̀pọ̀ ń retí ni kí a ṣépè fún àwọn tó ń múná lọ. Èyí tí mo gbé wá kò la èpè lọ, ìbéèrè ni. Báwo ni ẹ̀rọ kan ṣe ń sọ fún ẹ̀rọ mìíràn pé "fún mi ní iná ìwọ̀n báyìí", tí èkejì á sì ṣe é gẹ́lẹ́, láì bù kún un, láì bù kúrò níbẹ̀?

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2024 ni mo fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ Ikeja Electric tó ń pín iná ní Ṣómólú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ké sí àwọn tó ń lo mítà prepaid pé kí wọ́n tẹ nọ́ńbà méjì kan sínú mítà wọn kí ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá tó kọjá. Ogún dígíìtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní ọgbọ́n àtigbowó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àdéhùn tí àwọn mítà wa ń tẹ̀ lé, STS, Gúúsù Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Nínú gbogbo nọ́ńbà iná tí ẹ bá rà, àdéhùn yìí fi àkókò tí wọ́n ṣe é pamọ́ síbẹ̀, ìṣẹ́jú ló sì fi ń kà á láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993. Òun ni mítà fi ń dá nọ́ńbà tí a ti lò mọ̀, tí kì í fi í gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n bíìtì 24 péré, ìyẹn àyè òdo tàbí oókan 24, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kíkà náà, bíìtì 24 kò sì lè gba ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ. Ọjọ́ tí ó kún nìyẹn. Nọ́ńbà méjì yẹn ló pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ inú mítà kí kíkà lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ọ́fíìsì kan fẹ́ rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ kan. Kò sí wáyà ọ̀rọ̀ láàrin wọn, nítorí náà ìka ọwọ́ yín ló ru iṣẹ́ náà lọ, dígíìtì kan lẹ́yìn òmíràn. Mítà gbà á tàbí ó kọ̀ ọ́, ó sì kọ èsì rẹ̀ sí ojú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mítà náà kò bá jẹ́ irú èyí tó ní síìmù nínú, ọ́fíìsì kò rí èsì yẹn. Ó mọ̀ pé ẹ ra iná. Kò mọ̀ bóyá ẹ ti tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ lọ, èsì kò bọ̀. Orí àlàfo yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí tábìlì àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ní ojú nọ́ńbà méjì, wáyà pupa àti dúdú jáde níwájú rẹ̀. Páwà sọ́pláì ni wọ́n ń pè é. Ó ń gba iná ògiri, ó ń sọ ọ́ di irú iná tí bátìrì ń mú wá, ìwọ̀n tí a bá sì fẹ́ ni a lè yàn. Ọ̀gá á yọ bátìrì fóònù, á yí fóltì sí nǹkan bíi 4, á fi ààlà sí áńpù, á so wáyà mọ́ ọn, á wá tẹjú mọ́ nọ́ńbà. Bí áńpù bá ti ń gòkè kí ó tó tẹ bọ́tìnì rárá, ṣọ́ọ̀tì wà nínú bọ́ọ̀dù. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ tí nọ́ńbà sì dúró sórí òdo, iná kò dé ibi tó yẹ kó dé. Bí nọ́ńbà bá gòkè díẹ̀ tó tún já wálẹ̀, fóònù gbìyànjú láti jí, kò lè jí. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tí kò ka ìwé mẹ́wàá tó ń fi áńpù nìkan sọ ibi tí àrùn wà, tí kò sì ní tàsé.

Ìyẹn ni èyí tí a ń fọwọ́ yí. Àmọ́ irú kan wà tó ní ihò lẹ́yìn, níbi tí a ti lè so okùn kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ẹni tó ní bátìrì ọgọ́rùn-ún láti dán wò, tàbí tó fẹ́ mọ bí bátìrì kan ṣe ń gba iná láti alẹ́ mọ́jú, kò lè jókòó ti bọ́tìnì. Kọ̀ǹpútà ni yóò bá a jókòó. Kọ̀ǹpútà á pàṣẹ, á bèèrè, á kọ èsì sílẹ̀, á tún pàṣẹ. Kí wọ́n tó lè gbọ́ra yé, wọ́n gbọ́dọ̀ ní àdéhùn lórí nǹkan méjì: bí iná ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ gba inú wáyà, àti ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

Ti wáyà ni ó pẹ́ jù. Ọdún 1960 ni ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́kítírọ́níìkì ní Amẹ́ríkà gbé àdéhùn RS-232 jáde. Wáyà mẹ́ta tó fún un: ọ̀kan fún sísọ, ọ̀kan fún gbígbọ́, ọ̀kan fún ilẹ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí gbogbo ayé ti gbà. V ńlá jẹ́ 86. A óò tú 86 sí òdo àti oókan mẹ́jọ, a óò fi àmì ìbẹ̀rẹ̀ ṣíwájú wọn, a óò fi àmì ìparí tì wọ́n lẹ́yìn, ó di mẹ́wàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọjá. Ní RS-232, fóltì tó wà láàrin 3 sí 15 ní apá òkè ni òdo. Iye kan náà ní apá ìsàlẹ̀ òdo ni oókan. Bí a bá yan ìyára 9600 baud, ìyẹn àmì 9600 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́tà 960 ni yóò kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá ń yára ju èkejì lọ, ìsọkúsọ ni yóò máa gbọ́.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ gbọ́ eléyìí, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń jóná. Àwọn bọ́ọ̀dù kéékèèké tí à ń rà lónìí, 3.3 fóltì tàbí 5 ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọn kì í lọ sí ìsàlẹ̀ òdo. Òfin ìtẹ̀léra àmì kan náà ni, ojú ihò lè jọra, ṣùgbọ́n bí ẹ bá so RS-232 gidi mọ́ wọn tààrà, ẹ ti pa wọ́n. Ẹ fi bọ́ọ̀dù tó ń yí fóltì padà sáàrin. Owó rẹ̀ kò tó owó ohun tí yóò bàjẹ́.

Ní ti ohun tí ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí, ibẹ̀ ni olúkúlùkù ti ń sọ ẹ̀ka èdè tirẹ̀. Ní ọdún 1990, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n fi ẹnu kò lórí SCPI, kí ẹ̀rọ wọn má bàa máa sọ èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú rẹ̀, VOLT 4.2 ń yan fóltì, CURR 0.5 ń fi ààlà sí áńpù, OUTP ON ń ṣí iná sílẹ̀, MEAS:VOLT? ń bèèrè iye tó ń jáde ní tòótọ́. Àmì ìbéèrè náà ṣe kókó: àṣẹ kì í ní i, ìbéèrè ló ń ní i.

Korad KA3005P, ẹ̀rọ 30 fóltì àti 5 áńpù tí wọ́n ń tà lábẹ́ orúkọ mìíràn pẹ̀lú, ní tirẹ̀. VSET1:04.20 ni ẹ óò kọ sí i. Lẹ́tà mọ́kànlá ni, kò sì gbà á ju ìdá méjìlá nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lọ ní 9600 baud. Kò sí àmì tó ń fi òpin gbólóhùn hàn nínú èdè rẹ̀, nítorí náà bí kọ̀ǹpútà bá fi àṣẹ méjì léra láì dákẹ́ díẹ̀ sáàrin, wọ́n lè dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó wá burú jù lójú tèmi: bí ẹ bá pàṣẹ fún un, kì í dáhùn. Kò ní sọ pé òun gbọ́, kò ní sọ pé òun kò gbọ́.

Gbogbo wa la ti wọ danfo ní òpópónà Ìkòròdú. Kọ́ńdọ́ á ké pé "Onípanu ń bọ̀, ó wà?" Bí ẹnikẹ́ni kò bá fọhùn, dírẹ́bà á tẹ̀ ẹ́ lọ sí Fádéyì. Ṣé kò sí ẹni tó fẹ́ bọ́ ni, àbí ẹni tó fẹ́ bọ́ ń sùn? Ìdákẹ́jẹ́ kò sọ. Ẹni tó bá ń darí Korad gbọ́dọ̀ tún bèèrè: VSET1? láti mọ iye tí ẹ̀rọ gbà pé wọ́n ní kí òun fún, lẹ́yìn náà VOUT1? láti mọ iye tó ń jáde ní tòótọ́. Ìbéèrè méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí áńpù bá ti kan ààlà, ẹ̀rọ á fa fóltì wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdáhùn àkọ́kọ́ á ṣì máa wí pé 4.20 nígbà tí ìkejì ń wí pé 1.3.

Àwọn tó ṣe àdéhùn Modbus ní ilé-iṣẹ́ Modicon lọ́dún 1979 ti rí ìṣòro yìí. Fún àwọn ẹ̀rọ inú ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú páwà sọ́pláì olówó pọ́ọ́kú. Ẹ mú Riden RD6006. Iye fóltì tí a fẹ́ wà nínú rẹ́jísítà (àyè ìpamọ́ nọ́ńbà) kẹjọ, tí a kà ní ìdá ọgọ́rùn-ún fóltì. 4.20 fóltì di 420, tí kọ̀ǹpútà ń kọ ní 01 A4 nínú ìkàye onímẹ́rìndínlógún (hex). Gbólóhùn náà lọ báyìí: 01, ẹ̀rọ kìn-ín-ní, 06, kọ sínú rẹ́jísítà, 00 08, èyí kẹjọ, 01 A4, iye rẹ̀, lẹ́yìn náà báìtì méjì tí a ṣírò láti ara gbogbo èyí tó ṣáájú. Bí iná burúkú bá ba àmì kan jẹ́ lójú ọ̀nà, ìṣirò náà kò ní bára mu, ẹ̀rọ kò sì ní í ka gbólóhùn náà sí. Bí ó bá gbà á, yóò tún gbogbo rẹ̀ sọ padà fún ẹni tó rán an. Bí ó bá kọ̀, yóò fi 86 dípò 06, yóò sọ ìdí. Mo fara mọ́ èyí ju ti Korad lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ènìyàn kò tètè lè kà á.

Kí ló kan ará Onípanu tí kì í tún fóònù ṣe? Ẹ gbójú sókè wo sólà lórí àwọn òrùlé. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń so mọ́ ògiri báyìí, èyí tí ọjà ń pè ní 48 fóltì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì 16, tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 51.2. Sẹ́ẹ̀lì kan kò gbọdọ̀ kọjá 3.65 fóltì, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 58.4. Ínfátà tó ń fún un ní iná, kí ni bí kì í bá ṣe páwà sọ́pláì tí a ń pàṣẹ fún? Bátìrì ló ń pàṣẹ náà gba inú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, RS-485 tàbí CAN: "fún mi ní fóltì tó báyìí, má kọjá áńpù báyìí, ó tó." RS-485 lè gbé ọ̀rọ̀ rìn tó mítà 1,200, wáyà méjì tí a lọ́ pọ̀, A àti B, ni ó ń lò, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ni ọ̀rọ̀. (Àwọn ilé-iṣẹ́ kan pe A ní B, wọ́n pe B ní A. Bí ẹ̀rọ yín bá yadi, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ méjèèjì.)

Nígbà tí ẹ̀ka èdè bátìrì kò bá bá ti ínfátà mu, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń so sólà mọ́lé ń ṣe ni pé wọ́n á gbàgbé okùn náà, wọ́n á fọwọ́ yan iye, wọ́n á gbowó, wọ́n á lọ. Bí iye tí wọ́n yàn bá jẹ́ ti bátìrì olómi àtijọ́, tó ń fẹ́ kí a máa gbé fóltì rẹ̀ ga lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bátìrì lítíọ́ọ̀mù á já ara rẹ̀ kúrò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là, ilé á sì ṣókùnkùn lójijì. Onílé á ní bátìrì ni kò dára. Bátìrì sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó so etí ínfátà mọ́ ọn.

Ọ̀ràn yìí kò tíì parí síbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í tẹ ìwé àdéhùn ẹ̀rọ wọn jáde. Ẹ óò ra ẹ̀rọ náà, ẹ óò sanwó rẹ̀ tán, síbẹ̀ èdè rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹni tó tà á, lórí áàpù tó lè pa tì nígbàkigbà. Lójú mi, ìdajì ẹ̀rọ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ tà. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Heidelberg àtijọ́ tí wọ́n ṣì ń fi ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú pẹ́ láyé nítorí pé mẹkáníìkì wa lè tú wọn, kí ó sì fojú rí ohun tó ń yí. Ẹ̀rọ ayé òde òní kò ṣeé fojú rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn rẹ̀ ni ojú tí a óò fi wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń kó ọjà wọlé, ẹ máa bèèrè ìwé yìí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fún oníbàárà ní ẹ̀dà tirẹ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ gbé sólà sílé, ẹ má ṣe san ìyókù owó fún ẹnikẹ́ni títí ínfátà yóò fi ka iye tó kù nínú bátìrì síta níṣojú yín. Ẹ̀yin olùkọ́ láti Yunifásítì Èkó àti Yaba Tech, iṣẹ́ ìparí ọdún kan péré tó láti kọ àwọn àṣẹ tí mo kà lónìí ní Yorùbá tó já gaara, pẹ̀lú àwòrán wáyà, fún ọmọ iṣẹ́. Àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́ kò jìnnà: wọ́n wà ní òpópónà Shipeolu ní Ṣómólú níbẹ̀ yẹn, iṣẹ́ wọn sì nìyẹn. Ẹ gbé e fún wọn kí ọdún yìí tó parí.