Èmi, Màmá Bọ́lá àti Òdòdó Dáfódìlì

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò, kí n má sì dá ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀. Mo ti gbọ́.

Ẹ ò ní gbàgbé ewì Wordsworth lórí òdòdó dáfódìlì, èyí tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa ní Fọ́ọ̀mù Túù. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó rí dáfódìlì rí. Nígbà tí mo béèrè bó ṣe rí, olùkọ́ wa, tí wọ́n jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ní, "Òdòdó ni. Jókòó."

Ó ti lé ní 30 ọdún tí mo ti ń gbé Manchester. Mo rí dáfódìlì nínú ọgbà àwọn aládùúgbò, ṣùgbọ́n n kò dé ibi tí Wordsworth ti rí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ láti ilé wa sí Windermere kò ju nǹkan bí 80 máìlì lọ. Iṣẹ́ ni, owó ilé ni, ọmọ ni. Ohun tó lé mi débẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 kì í ṣe fàájì. Dókítà ojú ló sọ fún mi pé mo ní glaucoma lójú méjèèjì. Àìsàn yìí kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti máa ń jẹ ìríran wọlé díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń tètè mú àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún nínú yín, ẹ lọ yẹ ojú wò. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí n fi tó ọ́fíìsì láíséǹsì létí. Mo kọ̀wé sí wọn. Dókítà ní mo ṣì lè máa wakọ̀ títí èsì wọn yóò fi dé. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn lọ gba yàrá sí Grasmere fún alẹ́ mẹ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ eré tí mo máa ń sá. Lọ́tẹ̀ yìí Màmá Bọ́lá ní, "Bàbá Bọ́lá, ẹ jẹ́ ká rọra lọ. A ò lé ẹnikẹ́ni." A kúrò lórí ọ̀nà márosẹ̀ nítòsí Kendal, a sì fi odidi ọjọ́ rin ohun tí ǹ bá fi wákàtí méjì rìn.

Windermere ni adágún omi tó gùn jù ní England, ó tó máìlì mẹ́wàá ààbọ̀. Ẹ má pè é ní "Lake" níwájú àwọn ará ibẹ̀ o; Bassenthwaite nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyókù "mere" tàbí "water" ni. Ọ̀nà ibẹ̀ tóóró, ògiri òkúta wà lọ́tùn-ún lósì, òkúta tí wọ́n tò lérí ara wọn láìfi sìmẹ́ńtì sí i. Àgùntàn tí wọ́n ń pè ní Herdwick ń jẹ̀ káàkiri orí òkè. Dúdú ni wọ́n ń bí wọn. Bí wọ́n bá ti ń dàgbà ni irun wọn ń dà bí eérú. Ìyàwó mi wo àgùntàn, ó wo orí mi, ó fẹnu mọ́.

Ní Grasmere, a dé Dove Cottage, níbi tí Wordsworth gbé láti 1799 títí di 1808. Ọdún 1850 ló kú, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà ni wọ́n sin ín sí. Níbẹ̀ ni ilé kékeré kan wà tí wọ́n ti ń ta bisikíìtì alátalẹ̀. Ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀, 1630 ni wọ́n kọ́ ọ, Wordsworth fúnra rẹ̀ sì ti kọ́ni níbẹ̀ rí. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òrùlé gbọ̀ngàn wa, ẹ gbọ́ o: ilé ìwé lè di ilé bisikíìtì.

Ohun kan wà tí wọn ò sọ fún wa ní Fọ́ọ̀mù Túù. Nínú ewì yẹn, bíi pé ọkùnrin náà nìkan ló ń rìn ló ṣe kọ ọ́. Irọ́ ni! Dorothy, àbúrò rẹ̀ obìnrin, wà pẹ̀lú rẹ̀ létí omi Ullswater ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1802, ó sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ìrántí rẹ̀. Ewì náà kò jáde títí di 1807. Ìlà méjì tí Wordsworth fúnra rẹ̀ sọ pé ó dára jù níbẹ̀, Mary ìyàwó rẹ̀ ló fún un. Màmá Bọ́lá yíjú sí mi. "Ẹ ò rí i? Obìnrin méjì ló ràn án lọ́wọ́, ó wá ní òun nìkan lòun wà."

Ní ọjọ́ kẹta a gba Ambleside gun òkè lọ sí Kirkstone Pass, tó ga tó nǹkan bí 1,500 ẹsẹ̀ bàtà. "The Struggle" ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà, ìyẹn ìjàkadì. Òjò ń ṣẹ́. Ní kọ́nà kan, oníkẹ̀kẹ́ kan wà lápá òsì mi. N kò rí i. Màmá Bọ́lá ló kígbe, mo tẹ búréèkì. Ọkùnrin náà gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n títí mo fi páàkì sí orí òkè lọ́hùn-ún.

Ó ti lé ní 20 ọdún tí ìyàwó mi ti ní láíséǹsì, ṣùgbọ́n kì í wakọ̀ bí mo bá wà nínú mọ́tò, torí pé mo máa ń pariwo mọ́ ọn. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ń ṣe é. Mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó fa àga síwájú, ó tún dígí ṣe, ó sì rọra gbé wa sọ̀ kalẹ̀ sí Ullswater. Èmi ò sọ̀rọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ tí mo sì ń wo ìta: omi, òkè, kùrukùru, àgùntàn.

Olùkọ́ wa, ẹ bi mí báyìí bó ṣe rí. Ó kéré ju ti inú ọgbà lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi bọ́tà, àárín rẹ̀ pọ́n jù ú lọ. Abẹ́ igi létí omi ló wà, kò sì ga ju orúnkún lọ. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, gbogbo wọn á forí balẹ̀ pọ̀, wọ́n á tún dìde. A wà níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ wa fi tutù.

Ìwé ọ́fíìsì dé ní oṣù Keje. Wọ́n gba láíséǹsì mi. Màmá Bọ́lá ló ń wa gbogbo wa báyìí. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, eré tó ń sá ti pọ̀ jù.