Ẹ Sọ Ìtàn Náà Tán

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí fífi ìtàn àwọn àkàndá ẹ̀dá tó ṣe àṣeyọrí kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé. Mo fara mọ́ ọn pé ká kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú bí a ṣe ń sọ ìtàn náà, ẹjọ́ yẹn ni mo sì bá wá.

Bákan náà la máa ń sọ gbogbo wọn: ojú rẹ̀ fọ́, ó gba kámú, ó tẹpá mọ́ṣẹ́, ó borí. Ibẹ̀ la ti ń pa ìwé dé, nígbà tí ìtàn kò tíì dé ìdajì. Ẹ wo Louis Braille. Àwọn ọmọ mọ̀ pé irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ awọ ní Faransé ló ṣe é lójú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 3, wọ́n sì mọ̀ pé ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó gbé ìlànà ìwé àfọwọ́kà rẹ̀ fún àwọn afọ́jú kalẹ̀ ní 1824. Ohun tí a kì í sọ fún wọn ni pé iléèwé àwọn afọ́jú ní Paris, níbi tó ti kàwé tó sì ti di olùkọ́, kò tẹ́wọ́ gba ìlànà náà títí di 1854, nígbà tó ti kú ní ọdún 2 ṣáájú. Afọ́jú ti ṣe tirẹ̀ parí. Àwọn tó ríran ló fi 30 ọdún falẹ̀.

Èyí tó kàn wá jù ni ti Andrew Foster, ọmọ dúdú ará Alabama tí àìsàn sọ di adití nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 11. Ní 1954, ó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, òun ni wọ́n sì kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1864 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ti wà. Ṣé kò sí adití dúdú tó ní ìfaradà láàárín 90 ọdún yẹn ni? Ìfaradà pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn fún wọn ni kò sí. Nígbà tí Foster wọlé tán, ó gba ilẹ̀ Áfíríkà lọ láti ṣílẹ̀kùn fún ẹlòmíì: ó dá iléèwé adití sílẹ̀ ní Gánà ní 1957, ó sì dá òmíràn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Mélòó nínú àwa tí a ń pe ara wa lọ́mọ Ìbàdàn níbí ló mọ orúkọ rẹ̀?

Àwọn kan á ní tí a bá ń sọ irú èyí fọ́mọdé, àròyé la ó kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ọmọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn, tó gbọ́ ìdajì ìtàn, á gbà pé àìsapá òun ló há òun sísàlẹ̀. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́ ìdajì kan náà á gbà pé kò sí ohun tó kan òun. Odindi ìtàn ló ń fún àwọn méjèèjì níṣẹ́ ṣe. Ẹ gbọ́ odindi ìtàn kan: iléèwé kan ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, kọ Judith Heumann, ọmọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tó fi ń rìn lè fa ewu bí iná bá sọ. Ní 1977, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sínú ilé iṣẹ́ ìjọba ní San Francisco fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ 3, títí ìjọba fi fọwọ́ sí ìlànà tó dáàbò bo àwọn àkàndá ẹ̀dá. Ẹ̀kọ́ ìgboyà wo ló ju ìyẹn lọ? Àwọn mìíràn á ní àṣà wa ti parí ọ̀rọ̀ yìí, pé ẹni òrìṣà ni àwọn àkàndá ẹ̀dá, Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ iyì ni, ṣùgbọ́n iyì tí kò gbé ọmọ dé inú kíláàsì, ẹnu lásán ni.

Ẹ̀yin tí a ti ń bá fa ọ̀rọ̀ yìí nínú ẹgbẹ́ tipẹ́, tí ẹ ní kíkọ́ àwọn ọmọ lédè Yorùbá nìkan ni iṣẹ́ iléèwé Sátidé ẹgbẹ́ wa, inú èdè yẹn náà lọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi "odi" àti "arọ" bú èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ iléèwé sílé ní Nàìjíríà, tí ẹ ń kọ orúkọ yín gàdàgbà sára ògiri, ẹ gbọ́: òfin tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún wa ní ọdún 5 láti tún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ṣe kí àkàndá ẹ̀dá lè máa wọlé. Ọdún 5 náà ti pé ní 2024. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà dà? Olùkọ́ tó gbọ́ èdè àwọn adití dà? Ẹ má fi ìtàn Foster bo ojú ìbéèrè yìí mọ́. Kí olúkúlùkù wa tó sọ ọ́ fọ́mọ kankan, kó kọ́kọ́ lọ wo ẹnu ọ̀nà iléèwé rẹ̀. Bí ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ kò bá lè wọlé wá gbọ́ ìtàn náà, a ò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́.