Ikọ́ fée, híhanrun, àti ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀fun

Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí jẹ mọ́ ẹni tí èémí ń dà láàmú lọ́nà méjì: ó ní ikọ́ fée, èémí rẹ̀ tún máa ń dá dúró bó bá sùn. Ní ọsibítá, ẹ ó gbọ́ kí wọ́n pe ti àkọ́kọ́ ní asthme, kí wọ́n sì pe èkejì ní apnée du sommeil. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù.

Nílé wa, bí bàbá bá ń hanrun tí ògiri fẹ́ẹ̀ máa mì, ẹ̀rín la fi ń rín. A ó ní iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ẹ fetí sí híhan náà dáadáa. Ṣé kì í dákẹ́ lójijì? Kí ẹ má gbọ́ èémí rárá, kó wá ta gìrì, kó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ omi? Ìdákẹ́ yẹn gan-an là ń sọ. Ẹran ọ̀fun ló dẹ̀, ló wó dí ọ̀nà èémí. Bí ìdákẹ́ kan bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10, dókítà á kà á. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 5 láàárín wákàtí kan, àìsàn ti wọ̀ ọ́. Bí ó bá tó 30, ó ti le gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń sùn kì í mọ̀. Àwọn mìíràn á ní ọ̀tá ló ń fún àwọn lọ́rùn lóru. Ẹni tí wọ́n jọ ń sùn ló mọ̀, nítorí náà, bí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ mú ìyàwó tàbí ọkọ yín dání.

Lọ́sàn-án, orí á máa fọ́ni láàárọ̀, oorun á sì máa kunni. Ẹ wo oní-zémìjàn tó ń tòògbé lórí alùpùpù ní ọ̀nà Pọ́bẹ̀ pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ikọ́ fée ní tirẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀fun. Àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń wú, tí wọ́n ń fún pọ̀, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ń dí. Ọ̀nà kan náà ni èémí ń gbà, ibi méjì ló ti ń há, àwọn méjèèjì sì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí imú ẹni tó ní ikọ́ fée bá dí, ọ̀fun á tètè wó lóru. Bí èèyàn bá ń jà láti mí nígbà tí ọ̀fun dí, omi kíkan inú ikùn lè gòkè wá, kó sì ta ikọ́ fée jí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé. Ẹnì kan jí lóru, kò lè mí, ó na ọwọ́ sí Ventoline. Lóru ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ventoline kò lè ṣí ọ̀fun tó wó. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀fun, bí ẹ bá ti jókòó, ó máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ fée, àyà á fún, èémí á máa sú fée bó ṣe ń jáde, kò sì ní tètè lọ; ìdájí ló sì máa ń le jù. Ẹ kọ èyí tí ẹ rí sílẹ̀ fún dókítà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ran èémí lọ́wọ́ lójú oorun, PPC ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wa. Dókítà Colin Sullivan ní Ọsirélíà ló gbé e jáde fún ayé ní 1981. Kì í ṣe oxygène, ẹ jọ̀wọ́. Atẹ́gùn inú yàrá yín náà ló ń fẹ́ gba inú rọ́bà sí ìbòmú, kí ọ̀fun má lè wó. Nítorí náà, bí ẹ bá tan oògùn ẹ̀fọn eléèéfín sí yàrá, tàbí tí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́bàá fèrèsé, èéfín yẹn ni ẹ̀rọ á máa fẹ́ sínú ẹni tó ní ikọ́ fée! Ẹ lo àwọ̀n ẹ̀fọn. Rọ́bà á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa wo asẹ́ ẹ̀rọ náà léraléra, eruku á ti kún un.

Atẹ́gùn gbígbẹ máa ń mú kí èèyàn húkọ́. Bí ẹ̀rọ yín bá ní ibi omi, omi tí ẹ sè tó ti tutù ni kí ẹ bù sí i, kì í ṣe omi kànga, kí ẹ sì dà á nù láràárọ̀. Ọṣẹ tí kò ní òórùn ni kí ẹ fi fọ ìbòmú, ẹ má fi javel kàn án. Bí kúráǹ bá lọ, ẹ bọ́ ìbòmú kúrò lójú kíákíá.

Ẹ̀rọ kò wo ikọ́ fée. Oògùn tí dókítà ní kí ẹ máa fà sínú lójoojúmọ́, ẹ fà á kí ẹ tó wọ ìbòmú, kí ẹ yọ omi sẹ́nu, kí ẹ tu ú dà nù. Ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí pé ẹ ti ń sùn dáadáa. Bí ikọ́ fée bá sì bẹ̀rẹ̀ lóru, ẹ bọ́ ìbòmú, ẹ jókòó, ẹ fín Ventoline lẹ́ẹ̀kan, ẹ mí i, ẹ tún fín in. Ike omi ìdajì lítà tó mọ́, tí ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀ tó bá ẹnu Ventoline mu láìjò, dára fún un. Àwọn dókítà ní South Africa dán an wò lára àwọn ọmọdé ní 1999, ó ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fín in tó ìgbà 10 tí kò rọlẹ̀, tàbí tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀ já gaara, tàbí tí ètè ń dúdú, ọsibítá ló kàn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ yìí wọ́n, kò sì sí níbi gbogbo, mo mọ̀. Ẹni tí kò tíì rí i, kó máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ẹlòmíràn a máa rán bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù, kó má bàa dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn. Bí ara bá tóbi, kó dín díẹ̀díẹ̀. Sódabì kí a tó sùn ń dẹ ọ̀fun. Tramadol àti oògùn oorun tí wọ́n ń tà kiri ọjà burú ju sódabì lọ, nítorí wọ́n ń dín èémí fúnra rẹ̀ kù.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ sọ àìsàn méjèèjì fún ẹni tó máa fi oògùn kùn yín lóorun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ àti Ventoline yín dání lọ.