Ká Yẹ Ìwé Wò Ká Tó Di Ẹrù
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ìpàdé sọ lórí ìrìn-àjò ìsinmi wa sí Gánà)

A kí Ìyálọ́jà wa, a kí gbogbo olórí ìsọ̀: àwọn ẹlẹ́lùbọ́, àwọn onígàrí, àwọn aláta, àwọn tó ń ta òrí, àti àwọn aláṣọ òkè tí wọ́n ti Ìṣẹ́yìn wá bá wa jókòó lónìí. Ọjà yóò tà o. A ò ní jáde nílé ká má padà síbẹ̀. Àmín.

Wọ́n ní ká wá sọ̀rọ̀ lórí ìrìn-àjò ìsinmi tí ẹgbẹ́ fẹ́ rìn lọ sí Gánà lẹ́yìn ọdún Iléyá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa tí à ń kọ ìwé ẹgbẹ́ yìí, ìwé mẹ́fà péré la kà. Ẹ má retí gẹ̀ẹ́sì ńlá. Ohun tí ojú wa rí la fẹ́ sọ, àti ohun tí a lọ wádìí lẹ́yìn tí ojú wa rí i tán.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn ná.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, àwa 18 la wọ bọ́ọ̀sì kan láti Ṣakí. A gba Ìbàdàn, a gba Èkó, a gba Sẹ̀mẹ̀ wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. A kọjá Kútọnu, a gba Hilla-Condji wọ Tógò, a sùn ní Lomé. Orin là ń kọ lọ́nà. A ti ra aṣọ ẹgbẹ́, a ti san owó ilé tí a fẹ́ sùn sí ní Accra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí a dé ẹnubodè tó kàn, wọ́n ní ká mú yẹ́lò káàdì wa jáde. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn márùn-ún ò lè kọjá.

Kí ló fà á? Àwọn mẹ́ta ra káàdì tiwọn lọ́wọ́ àgbèrò ní gáréèjì. Abẹ́rẹ́ ò kàn wọ́n lára rárá. Ẹni tó kọ káàdì náà kàn fi ọjọ́ tó wù ú sí i ni. Àwọn méjì yòókù gba abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin tí wọ́n gbà á la gbéra. Òfin sì ni pé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kì í ṣiṣẹ́ àfi tó bá pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, torí pé ìgbà yẹn ni oògùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múlẹ̀ lára.

A bẹ̀bẹ̀ títí. A kúnlẹ̀. Àwọn kan nínú wa ti ń tú owó ní ìdí aṣọ. Ṣùgbọ́n ká sọ òótọ́, àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ò ṣẹ̀ wá. Àwa ìgbìmọ̀ la ṣẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀sẹ̀ tí a máa lọ gan-an la tó sọ fún ẹgbẹ́ pé wọ́n á béèrè káàdì. Àwọn tó ra ayédèrú, ìkánjú tí a kó bá wọn ló jẹ́ kí wọ́n rà á.

Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó gba abẹ́rẹ́ òótọ́ yẹn jókòó síbí lónìí. Ó ní ká sọ ọ́, ká má dárúkọ òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní Gánà. Wọ́n jọ dàgbà níbẹ̀ ni, ní Tamale. Ẹ̀gbọ́n yìí ti wá láti Tamale, ó dúró sí òdìkejì ẹnubodè láti àárọ̀ kùtù, ó ń retí. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ̀rọ̀. Ìkan wà níhìn-ín, ìkan wà lọ́hùn-ún, kò tó ibi tí a jókòó sí yìí sí ìdí mọ́ṣáláṣí. Wọn ò fojú kan ara wọn. Àbúrò padà sí Lomé pẹ̀lú ẹkún, ẹ̀gbọ́n gbé oúnjẹ tó sè padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè máa bi wá pé kí ló gbé ará Ṣakí dé Tamale. Ẹ bi àwọn ìyá yín. Láti ayé òyìnbó ni àwọn ará Ṣakí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ṣòwò ní Gánà, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ò tíì rí ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kó tó di pé Gánà gba òmìnira, wọ́n rò pé ilé làwọn wà. Wọ́n fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n sá wálé. Àbúrò tí à ń sọ yìí bá bàbá rẹ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n ti wà nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀, ó dúró.

Àwa náà ṣe é fún wọn o. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ ará Gánà. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni ẹ̀yin tó ń ta àpò ń pè ní Gánà-mọ́s-gó títí dòní. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé ò ṣe pàtàkì. Ìwé ló tú ilé elòmíràn ká.

Ó yá, kí la ní láti mọ̀?

Àkọ́kọ́, àdéhùn wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS. Ọdún 1979 ni wọ́n fọwọ́ sí i. Ó ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kó lò tó ọjọ́ 90. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn kan náà sọ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ mú nǹkan méjì lọ́wọ́: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì kọjá, àti ìwé ìlera. Àwọn èèyàn máa ń gbọ́ pé kò sí físà, wọ́n á rò pé kò sí ìwé ni. Kì í ṣe bákan náà. Bákan náà, ó gbà ká wọlé, kò ní ká jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ ju ọjọ́ 90 lọ, kó lọ gba ìwé ìgbélùú.

Èkejì, pásípọ́ọ̀tù. Ẹ mú un jáde nínú àpótí lálẹ́ òní, ẹ wo ọjọ́ tó máa parí. Ẹ wo orúkọ yín, kó bá ti NIN mu. Ẹni tí kò bá ní, ọ́fíìsì Ímígíréṣọ̀n ní Ìbàdàn ni kó lọ, kò gbọdọ̀ gbé owó fún ẹnikẹ́ni ní gáréèjì. Kì í ṣe nǹkan ọ̀sẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀kẹta, yẹ́lò káàdì. Gánà ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àlejò, àfi ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ti gbà á títí ayé nìyẹn, kò sídìí láti tún un gbà. Láti ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe káàdì tuntun tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò, torí náà ayédèrú ò ní pẹ́ kó tó hàn. Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa àgbà: ẹni tó bá ti pé 60 ọdún, ẹni tó lóyún, ẹni tí ẹyin kì í bá lára mu, kó sọ fún dókítà kó tó gba abẹ́rẹ́ náà. Ẹ má fi ọjọ́ orí pamọ́ níbẹ̀ o.

Ẹ̀kẹrin, òǹtẹ̀. Ẹnì kan sọ pé, ‘Ṣebí Bẹ̀nẹ̀ ò jìnnà sí wa, àwa tí a ní ìbátan ní Ṣábẹ̀ àti Pàràkú, ká gba ọ̀nà ìgbẹ́ ká dín owó kù.’ Ìyá, ọ̀nà ìgbẹ́ ò ní òǹtẹ̀. Ẹni tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé, báwo ló ṣe fẹ́ gba ti ìjáde? Ibi tí wọ́n bá ti ń lu òǹtẹ̀ ni ká gbà, ní gbogbo ẹnubodè, àlọ àti àbọ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ọmọdé. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ-ọmọ dání, kó gba ìwé ìyọ̀ǹda tí bàbá àti ìyá ọmọ fọwọ́ sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè rò pé a jí ọmọ gbé.

Àwọn tó ń lọ ọ̀nà jíjìn nínú wa náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù, físà àlejò kì í ju oṣù mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan, kò sì gbà ká ṣiṣẹ́ owó. Ẹ má di wàrà tàbí ẹran ìgbẹ́ sínú ẹrù, wọ́n á gbà á, wọ́n á sọ ọ́ nù. Ẹ̀yin Alájà, pásípọ́ọ̀tù tó ku oṣù mẹ́fà ó kéré tán ni Saudi ń fẹ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àrùn yírùnyírùn. Kí obì sì dúró sílé.

Ẹ má sọ pé ẹ ti lọ rí, ẹ mọ̀ ọ́n. Òfin ń yí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba wa ti ẹnubodè ilẹ̀, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni Dubai dá físà ọmọ Nàìjíríà dúró, ó di ọdún 2024 kí wọ́n tó dá a padà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Niger, Mali àti Burkina Faso jáde nínú ECOWAS. Ẹni tó bá ń gbé òrí tàbí aṣọ lọ sọ́hùn-ún, kó tún béèrè kó tó lọ. Ọ́fíìsì ìlú tí ẹ fẹ́ lọ ni kí ẹ ti béèrè, tàbí kí ọmọ yín bá yín wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba wọn. Dẹ́rẹ́bà mọ ọ̀nà, kò mọ òfin.

Nítorí náà, ohun tí ìgbìmọ̀ fẹnu kò sí nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó mú pásípọ́ọ̀tù àti káàdì wá kí ó tó ku oṣù méjì tí a máa gbéra. Akápò ò ní gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ìwé rẹ̀ ò pé. A ó ṣe fọ́tòkọ́pì wọn sínú fáìlì ẹgbẹ́. Àwọn tí kò tíì gba abẹ́rẹ́, a jọ ń lọ ní ọjọ́ kan náà, àwa ìgbìmọ̀ la máa ṣíwájú.

Ẹ̀gbọ́n tó ń dúró lọ́hùn-ún ti lé ní 80 ọdún. Ó ti ránṣẹ́ pé òun á tún wá sí ẹnubodè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká tún fi ìwé dá ìyá àgbà yẹn padà.

Ọ̀nà á là o. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire.