Iṣẹ́ tí Iná ń Ṣe lára Amọ̀ àti Eyín Àtọwọ́dá

Iná kì í ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni iṣẹ́ tí iná ń ṣe nínú amọ̀ àti òkúta lílọ̀, pàápàá nínú eyín àtọwọ́dá tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fi owó gọbọi rà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú wa mọ̀. Ní Ìpetumodù, tí kò jìnnà sí wa, àwọn ìyá wa ṣì ń mọ ìkòkò. Ìkòkò tí oòrùn nìkan gbẹ, bí a bá bu omi sí i, á padà di ẹrẹ̀. Èyí tí iná bá jó, omi kò lè tú u mọ́. Kí ló fà á? Omi ojú lásán ni oòrùn ń gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ìgbóná bá tó 500 sí 600 lórí ìwọ̀n Celsius, níbi tí omi ti ń hó ní 100, omi tí ó so mọ́ amọ̀ gan-an á jáde, ètò inú rẹ̀ á sì yí padà.

Ètò inú yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wa. Nínú àwọn ohun kan, ẹyọ tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí tò lẹ́sẹẹsẹ bí ẹní tí a hun. Èyí ni à ń pè ní kírísítálì. Nínú àwọn mìíràn, bíi díńgí, wọn kò tò bẹ́ẹ̀. Iná lè tún wọn tò.

Oríṣi eyín kan wà tí wọ́n fi lithium ṣe. Kí ó tó wọ ààrò, ó rọrùn láti gbẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aró. Bí ó bá gbóná tó bíi 840, kírísítálì rẹ̀ á di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó há mọ́ ara wọn bí igi ọgbà. Àwọ̀ aró á lọ, àwọ̀ eyín á dé, agbára rẹ̀ á sì ju ìlọ́po méjì lọ.

Èkejì ni zirconia. Òkúta tí a ti ń yọ ọ́ wà ní ilẹ̀ Jos, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà tin. Bí ó bá dá wà, tí ó gbóná kọjá 1,170, ètò rẹ̀ á yí. Bí ó bá ń tutù, á yí padà, á fẹ̀ tó bíi 4 nínú 100, á sì fọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi yttria díẹ̀ kún un, kí ètò ti inú iná lè dúró. Ní 1975, Garvie àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fi hàn pé fífẹ̀ yìí lè di ààbò: bí ara rẹ̀ bá fẹ́ sán, kírísítálì tí ó wà létí ibẹ̀ á fẹ̀, á sì fún ojú sísán náà pa.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń yọ́ bo irin. Bí ó bá pẹ́ jù kí ó tó tutù, kírísítálì leucite lè pọ̀ sí i, kí ó máa sún kì ju irin lọ, kí ó sì sán.

Nítorí náà, bí eyín titun bá fọ́ lẹ́nu, kì í ṣe ohun èlò nìkan ni a ó fura sí. Ó lè jẹ́ pé ààrò ni kò pé ìwọ̀n. Ẹ̀rọ àti lúlúù nìkan kò tó, a nílò ẹni tí ó mọ iná í wọ̀n. Ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ eyín wà ní Enugu, ẹ̀kọ́ dókítà eyín wà ní Ilé-Ifẹ̀, Pólì ìjọba àpapọ̀ sì ti wà ní Ẹdẹ níhìn-ín láti 1992. A dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa yan ọ̀dọ́ méjì, kí a rán wọn níwèé lórí iṣẹ́ yìí, kí àwọn àgbà wa má baà máa rìn jìnnà torí eyín kan.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó ti rí fún iná, bẹ́ẹ̀ ni fún ọmọ tí à ń kọ́. Kí Ẹdẹ máa gòkè sí i.