Kí Ilé Bàbá Wa Di Ilé Àlejò



Ní 1930 ni ìjọba Sípéènì sọ ilé olódi àtijọ́ ti Oropesa di ilé àlejò. Ní Santiago, ilé ìwòsàn tí Ọba Fernando àti Ayaba Isabel pàṣẹ kíkọ́ rẹ̀ ní 1499, àlejò ni ó ń sùn níbẹ̀ láti 1954. Ilé tí ènìyàn ń sùn sí, òrùlé rẹ̀ kì í jò pẹ́.

Àwa ńkọ́? Ilé àwọn Fernandez ní Ìta Tinúbú l'Ékòó, tí a mọ̀ sí Ilojo Bar, ti wà láti 1855. Òfin ń dáàbò bò ó láti 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o ní September 2016.

Ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ilé ẹbí àtijọ́ kò pọ̀ mọ́. Bí a bá ti Lọ́ńdọ̀nù dé, hòtẹ́ẹ̀lì ni à ń sanwó fún, àgádágodo sì wà lẹ́nu yàrá bàbá wa àgbà!

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹbí kan yọ̀ǹda ilé kan. Kí a tún òrùlé rẹ̀ ṣe, kí a ṣe ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ tí ó mọ́, ṣùgbọ́n kí a má fọwọ́ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá. Àwọn gan-an ni àlejò yóò wá wò. Owó ni ó lè dá ìjà sílẹ̀. Nítorí náà, kí a máa kọ iye tí ó wọlé sínú ìwé, kí a sì máa kà á létí gbogbo ẹbí lóṣooṣù. Ẹbí tí ó bá gbà, kí ó rí akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó kò.